Joint attention: kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ní autism?

Tẹ́ẹ bá gbé ọmọ tó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan síta tí bàálù wá ń kọjá lókè, ẹ kíyè sí ohun tó máa ṣe. Á nàka sókè, á wojú yín, á tún padà wo bàálù yẹn, tẹ́ẹ bá sì ṣe bí ẹni tí ò rí i á máa fà yín láṣọ. Kò ní kẹ́ẹ bá òun mú bàálù sọ̀kalẹ̀ o, ó kàn fẹ́ kẹ́ẹ jọ rí i ni. Ohun táwọn dókítà àtàwọn tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ ń pè ní joint attention nìyẹn: èèyàn méjì jọ ń wo nǹkan kan, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé àwọn jọ ń wò ó. Ibi tí mo parí ẹ̀ sí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí èmi àti ẹni tí mi ò mọ̀ rí lè jókòó ti ara wa nínú dáńfó, ká jọ máa wo ìta, kó má sì sí nǹkan kan tó pa wá pọ̀.

Lọ́dún 1975 ni àwọn onímọ̀ méjì, Michael Scaife àti Jerome Bruner, fi hàn pé ọmọ ìkókó pàápàá máa ń yíjú síbi tí àgbà bá yíjú sí. Láàárín oṣù 9 sí oṣù 18, ọ̀pọ̀ ọmọ á ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ẹnì kankan ò sì jókòó kọ́ wọn.

Ìka nínà yẹn sì pé oríṣi méjì. Ọmọ lè nàka sí bisikíìtì torí pé ó fẹ́ jẹ ẹ́, ó sì lè nàka sí ajá torí pé ó fẹ́ kí ìwọ náà rí ajá. Èyí tó wà fún títọrọ yẹn, ọmọ tó ní autism, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ ẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tó sì ń kan bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá wọn ṣe, lè mọ̀ ọ́n dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ò ní nàka rárá, ọwọ́ mọ́mì ni wọ́n máa dì mú lọ sídìí fíríìjì, wọ́n á gbé ọwọ́ yẹn lé ilẹ̀kùn ẹ̀, wọn ò sì ní wojú mọ́mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó jẹ́ ti "ẹ wá wò ó" ló máa ń pẹ́ kó tó dé. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò fẹ́ràn yín o, ẹ jọ̀ọ́. Bàálù yẹn lè dùn mọ́ ọn ju bó ṣe dùn mọ́ ọmọ àdúgbò lọ, kò kàn sábà wá sí i lọ́kàn láti pe ẹlòmíì sí i ni.

Báwo ni joint attention ṣe wá kan ọ̀rọ̀ inú dídùn àti ìbẹ̀rù? Ojú ẹni tó ń tọ́ ọmọ lọmọ fi ń mọ ohun tó yẹ kó sá fún. Lọ́dún 1985 àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé àwọn ọmọ ọdún kan sórí tábìlì onígíláàsì, apá kan ẹ̀ dà bíi pé kòtò wà nísàlẹ̀, ìyá wọn wá dúró lódìkejì. Nígbà tí ìyá ń rẹ́rìn-ín, ọmọ 14 nínú 19 ló rákòrò kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ṣojú bí ẹni tẹ́rù ń bà, nínú ọmọ 17 kò sí ẹyọ kan tó kọjá. Ẹ̀yin tí mọ́mì yín fi ojú lásán tọ́ dàgbà ti mọ ohun tí mò ń wí, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú yín nílé onílé, ẹ yíjú wo mọ́mì báyìí, kíá lẹ ti ní "ẹ ṣé mà, mo ti yó." Ọmọ tó ní autism lè máà rí ojú yẹn rárá, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á tún nà án délé, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ ọ̀hún ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ fẹnu sọ ọ́ fún un jàre, kó sì ṣe ṣókí: "Sọ pé o ti yó."

Ní ti bí a ṣe lè ràn án lọ́wọ́, Connie Kasari, onímọ̀ kan ní yunifásítì UCLA l'Amẹ́ríkà, ní ọ̀nà kan tó ń jẹ́ JASPER, eré ló fi ń ṣe é, ibi tí ojú ọmọ wà ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọmọ yín dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó ń yí táyà mọ́tò ìṣeré kan láti àárọ̀. Ẹ má gba mọ́tò yẹn. Ẹ lọ dùbúlẹ̀ síbi tó ti lè rí ojú yín, ẹ mú mọ́tò tiyín, ẹ máa yí táyà tiyín náà, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wò yín báyìí, ẹ sọ pé "Ó ń yí!" ó tán. Ẹ má tíì máa bi í pé kí nìyí, àwọ̀ wo ni, kò wá ṣèdánwò. Tí mọ́tò bá já bọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ wo mọ́tò, ẹ wo òun náà: "Ó já bọ́. Inú ń bí ẹ." Ibẹ̀ gan-an lorúkọ ohun tó ń ṣe é máa ti yé e, kì í ṣe lára àwòrán ojú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì.

Bojúbojú tún dáa gan-an fún un. Ẹ kọ ọ́ dé "ṣé kí n ṣí i?" kẹ́ẹ wá dákẹ́, kẹ́ẹ dúró, kódà tó bá pẹ́. Ó lè fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó lè hó, ó lè wò yín fìrí, èyíkéyìí tó bá ṣe, ẹ gbà á bí ìdáhùn kẹ́ẹ sì ṣí i.

Ti "wojú mi, wojú mi" yẹn ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ní autism ló ti sọ ọ́ pé wíwo ojú èèyàn máa ń ni àwọn lára, pé tí àwọn bá ń wojú, àwọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà là ń bú pé kò nítìjú, tó bá wá kan ọmọ yìí, àwa kan náà la ó máa di àgbọ̀n ẹ̀ mú.

Ìwé ìbéèrè kan wà tó ń jẹ́ M-CHAT-R, ọmọ oṣù 16 sí 30 ni wọ́n ṣe é fún, ìbéèrè 20 ló wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ sì ni pé tẹ́ẹ bá nàka sí nǹkan lódìkejì yàrá, ṣé ọmọ á wo ibẹ̀. Kò lè dá a sọ pé ọmọ ní autism o, ó kàn ń sọ pé ó yẹ kẹ́ẹ lọ ṣàyẹ̀wò sí i ni, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ náà wò, torí ọmọ tí ò gbọ́ràn dáadáa lè máà dáhùn tẹ́ẹ bá pè é. Àwọn ará ilé máa ní kẹ́ẹ fara balẹ̀, pé bàbá ẹ̀ náà ò tètè sọ̀rọ̀. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ ní tiyín, ẹni tó bá sún mọ́ Ìbàdàn lè bẹ̀rẹ̀ láti UCH, àmọ́ eré orí ilẹ̀ yẹn ò ní kẹ́ẹ dúró de èsì kankan.