Ikùn Màlúù Kún, Ebi Ṣì Ń Pa Á

Nígbà tó bá fi máa di oṣù Kejì, gbogbo ìgbẹ́ tó yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká, ní orílẹ̀-èdè Benin, ti di koríko gbígbẹ àti eérú. Nírọ̀lẹ́, àwọn màlúù á máa darí bọ̀ láti ìhà odò Okpara, ikùn wọn á rí rìbìtì, ti òmíràn tiẹ̀ máa ń tóbi ju bó ṣe wà nígbà òjò lọ. Ẹni tó ni ẹran á wò wọ́n, á ní: "Wọ́n ti yó." Ta ló máa bá a jiyàn, nígbà tí gbogbo ojú rí ikùn? Àmọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wàrà abo tó ń tọ́mọ ti gbẹ, akọ tí wọ́n fẹ́ tà ti rù, òmíràn ti dùbúlẹ̀ tí kò lè dá dìde mọ́. Wọ́n á ní àrùn ni, tàbí pé ẹnì kan ti fi ọwọ́ burúkú kan agbo. Aràn inú àti àìsàn tí eṣinṣin ńlá inú igbó ń kó ràn wọ́n wà lóòótọ́, ó sì yẹ kí dókítà ẹran yẹ̀ wọ́n wò. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ebi lásán ni.

Báwo ni ebi ṣe lè pa ẹran tí ikùn rẹ̀ kún? Alápatà lè fi hàn yín. Ṣàkì màlúù tí wọ́n pa nígbà òjò, bí wọ́n bá là á, ohun tó máa tú jáde á jẹ́ tútù yọ̀, á ti kúnná, á kún fún omi. Ti inú ẹ̀ẹ̀rùn kì í rí bẹ́ẹ̀: ìdì koríko ló máa wà níbẹ̀, tó lọ́ pọ̀ mọ́ra bí ẹní, ẹyọ igi koríko tó gùn tó ìka ọwọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ láìfọ́. Ohun tí ẹran náà jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe màlúù fúnra rẹ̀ ló ń da koríko. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ṣàkì ló ń ṣe é. Àwọn ló ń fọ́ igi koríko, àwọn náà ni màlúù ń dà nígbẹ̀yìn bí wọ́n bá ṣàn lọ sínú ìfun. Wọ́n ní láti rí purotéènì, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tó ń kọ́ ara, kí wọ́n tó lè bí sí i. Koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń ní bíi 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gbẹ tán nínú ọyẹ́, ó lè wá sí 2 sí 4. Bí purotéènì inú oúnjẹ bá sì ti lọ sílẹ̀ ju bíi 7 nínú 100 lọ, àwọn kòkòrò náà ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Koríko á jókòó sínú ṣàkì, kò ní fọ́, kò ní kọjá. Ẹran á dẹ́kun jíjẹ nítorí pé àyè kò sí mọ́. Ó dà bí ẹ̀rọ ọlọ tí epo rẹ̀ tán: àgbàdo kún ẹnu rẹ̀ títí dé òkè, ìyẹ̀fun kò jáde nísàlẹ̀. Ikùn tó tóbi yẹn gan-an ni àmì pé nǹkan ò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù Borgou, irú màlúù kan ní agbègbè wa, tó wọn kílò 250 máa jẹ bíi kílò 5 koríko gbígbẹ lójúmọ́. Bí 3 nínú 100 koríko yẹn bá jẹ́ purotéènì, gíráàmù 150 ló rí. Kí ó tó lè dúró sójú kan, kó má rù, kó má sanra, ó nílò bíi gíráàmù 400. Gíráàmù 250 ló kù. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi koríko gbígbẹ di àlàfo yìí, nítorí ṣàkì ti kún. Ìdí nìyí tí fífi ẹran jẹko títí di alẹ́, tàbí dída ìdì pòròpórò àgbàdo mìíràn síwájú rẹ̀, kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó, ẹ fi ojú sílẹ̀ ná. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì màlúù. Kòtò kan wà lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn, níwájú egungun ìbàdí. Ṣàkì ló wà lábẹ́ rẹ̀, bó bá kún, ẹran jẹun lónìí. Gbogbo ohun tí kòtò yẹn lè sọ fún yín nìyẹn. Ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí àwọn egungun kéékèèké ti nà jáde láti ọ̀pá ẹ̀yìn lókè kòtò náà. Bí ìka yín bá ń wọ àárín egungun kan sí ìkejì, tí ẹnu wọn mú, ẹran náà ti ń jẹ ara rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó mọ egungun lára, ó dára. Ẹ wo ìdí ìrù náà: kòtò méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ìrù kì í jìn lára ẹran tó ń jẹ ohun gidi. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ìgbẹ́ tó le, tó tò lórí ara rẹ̀ bí òrùka, tí igi koríko hàn nínú rẹ̀, purotéènì ni kò tó.

Ọ̀rọ̀ káún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé káún àti iyọ̀ ló ń mú màlúù sanra. Iyọ̀ dára, màlúù nílò rẹ̀, kò sì yẹ kó wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n kò sí purotéènì kankan nínú rẹ̀, kò sì sí nínú káún. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ẹran mu omi púpọ̀, ikùn á sì tún yọ sí i. Àwọn tó ń ta ẹran mọ èyí dáadáa, àwọn kan máa ń fún un ní iyọ̀ àti omi ní òwúrọ̀ ọjà. Ẹni tó bá fi ikùn díwọ̀n màlúù, omi ló rà.

Ohun tó ń di àlàfo gíráàmù 250 yẹn pọ̀ ní agbègbè wa. Èyí tó yá jù ni pàǹtí kóró òwú tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tourteau. Purotéènì inú rẹ̀ tó bíi 38 nínú 100, nítorí náà gíráàmù 700 lójúmọ́ ti tó fún màlúù kílò 250. Abo tó ń fún yín ní wàrà láti fi ṣe wàràkàṣì lè gba kílò kan sí kílò kan àbọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n wọn tòǹgólò kan (igbá ìwọ̀n ọjà) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ mọ ohun tó ń gbà, torí tòǹgólò àgbàdo àti ti tourteau kì í wúwo bákan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 200, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fún ọmọ màlúù tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, oró kan wà nínú kóró òwú tí ara rẹ̀ kò tíì lè gbà. Kí olúkúlùkù sì ní igbá tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ akọ tó lágbára jù ló máa jẹ ẹ́ tán.

Bí owó kò bá tó fún gbogbo agbo, abo tí oyún rẹ̀ kù oṣù mẹ́ta, abo tó ń tọ́mọ àti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni kí ẹ kọ́kọ́ fún. Oṣù Kejìlá ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí ẹ máa fi gbé màlúù tó ti dùbúlẹ̀ dìde pọ̀ ju èyí tí ẹ máa fi bọ́ ọ kó má dùbúlẹ̀ lọ, ìgbà mìíràn kì í tiẹ̀ dìde.

Ìtàkùn ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà náà dára gan-an, a sì ń fi wọ́n ṣòfò. Kílò méjì àbọ̀ ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ tí ewé rẹ̀ kò já lè di àlàfo náà. Ewé ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sínú oòrùn oko fún ọ̀sẹ̀ méjì, ewé á já sílẹ̀, igi lásán lẹ máa kó wálé. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ sá a sí, lórí pẹpẹ onígi, kó má kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ní àyè lè gbin igi agúnmánìyè (Gliricidia) yí ọgbà ká: ewé rẹ̀ ní purotéènì bíi 20 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òórùn rẹ̀ kì í wù wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ gé e, kí ẹ jẹ́ kó rọ fún ọjọ́ kan, wọ́n á jẹ ẹ́.

Yúríà tún wà, ìyẹn ajílẹ̀ tí wọ́n kọ 46 sára àpò rẹ̀. Kì í ṣe ajílẹ̀ NPK o. Fún 100 kílò koríko tàbí pòròpórò tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, ẹ po kílò 5 yúríà sínú lítà 50 omi, ìyẹn bídọ́ọ̀nù lítà 25 méjì, títí yóò fi yòrò tán. Ẹ tẹ́ ọ̀rá ńlá sínú kòtò, ẹ da 20 kílò koríko sí i, ẹ fi lítà 10 omi yúríà wọ́n ọn káàkiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tún da òmíràn lé e. Bí ó bá tán, ẹ bò ó pa, kí afẹ́fẹ́ má lè wọlé, fún ọjọ́ 21. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n, òórùn rẹ̀ á sì ta yín lójú bí ìtọ̀ tó pẹ́. Ẹ kó èyí tí wọ́n máa jẹ lọ́la síta lónìí kí òórùn náà fò lọ. Èyí tó bá hu, ẹ dà á nù. Kò wà fún ọmọ màlúù tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò wà fún ẹṣin.

Yúríà ń pa ẹran, ọ̀nà kan tó sì ń gbà pa wọ́n ni èyí tí a kì í ronú sí: omi tó ṣẹ́ kù nínú báàfù. Màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ á gbé ẹnu sí i. Kí wákàtí kan tó pé, ó lè máa gbọ̀n, kí itọ́ máa ṣe yàlàyàlà lẹ́nu rẹ̀, kí ikùn rẹ̀ wú. Ẹ tètè rọ omi tútù púpọ̀ pẹ̀lú lítà méjì sí mẹ́ta ọtí kíkan tí wọ́n ń bù sí sàláàdì sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹnì kan sì máa pe dókítà ẹran. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ da gbogbo omi yẹn sórí koríko, kí ẹ fọ báàfù, kí ẹ ti àpò yúríà mọ́lé.

Ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí èèpo gbágùúdá ti pọ̀ lẹ́bàá àwọn tó ń yan gààrí, ìgbàgbọ́ pé ẹran tí ikùn rẹ̀ kún ti yó náà gba ọ̀nà mìíràn yọ: wọ́n ní bí màlúù bá ti rí èèpo jẹ yó, kò nílò nǹkan mìíràn. Agbára wà nínú èèpo gbágùúdá, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ kò ju bíi 5 nínú 100. Kílò méjì èèpo gbígbẹ pẹ̀lú gíráàmù 700 tourteau, ẹran á ṣe dáadáa. Èèpo nìkan, ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ náà ni. Ẹ sá a sínú oòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó gbẹ débi tí á fi máa kán, nítorí oró wà nínú èèpo tútù, pàápàá ti gbágùúdá kíkorò.

Ẹ má gbàgbé omi: nínú ẹ̀ẹ̀rùn, màlúù tó ń jẹ ohun gbígbẹ lè mu lítà 30 sí 40 lójúmọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ìgbẹ́ ló máa kọ́kọ́ yí padà, á rọ̀, kò ní tò bí òrùka mọ́. Ẹran á máa jẹ àpọ̀jẹ púpọ̀ sí i, á sì máa béèrè koríko, nítorí ṣàkì rẹ̀ ti ń ṣí àyè. Ikùn rẹ̀ lè má rí rìbìtì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọjá lè máa bi yín léèrè pé kí ló dé tí ẹ kò fún màlúù yín lóúnjẹ.