Ìjà Calgary àti Edmonton ti pẹ́ ju họ́kì lọ

Tẹ́ ẹ bá rí fáànsì Oilers, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ti Edmonton ní Kánádà, àti fáànsì Flames, ẹgbẹ́ Calgary, tí wọ́n ń já ara wọn sí wẹ́wẹ́ nígbà playoff, ìyẹn ìdíje àṣekágbá líìgì, tẹ́nì kan ń pariwo pé "ife márùn-ún la gbà, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ̀yin ní!", tí èkejì ní ìlú yín gan-an ta ló fẹ́ gbébẹ̀, òtútù pa yín tán, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ họ́kì nìkan ni o. Ìjà yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wọn.

Rélùwéè ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Kánádà ń la ojú irin lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ yà sórí ìwé, ẹ̀gbẹ́ Edmonton ló gbà, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń fojú sọ́nà, àfi bí ilé-iṣẹ́ rélùwéè Canadian Pacific ṣe yí i gba gúúsù, ló bá di pé Calgary ni ọkọ̀ ojú irin dé ní 1883. Edmonton dúró títí di 1891, èyí tí wọ́n wá rí náà ò tiẹ̀ wọ ìlú, òdìkejì odò ní Strathcona ló tẹnu bọ̀. Nígbà tó di 1905 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Alberta sílẹ̀, Edmonton gbẹ̀san, àwọn ló di olú-ìlú, torí Frank Oliver, èèyàn wọn, wà nínú ìjọba Laurier, olórí ìjọba Kánádà, l'Ottawa. Calgary ní ó dáa náà, ẹ fún wa ní yunifásítì. Wọ́n tún gbé ìyẹn lọ sí Strathcona, ìlú Rutherford tó jẹ́ olórí ìjọba ìpínlẹ̀! Èmi ò lè dá Calgary lẹ́bi pé inú bí wọn. Ní 1947 epo rọ̀bì tú jáde ní Leduc, nítòsí Edmonton, ṣùgbọ́n Calgary làwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo jókòó sí: Edmonton ń wa epo, Calgary ń ka owó.

Oilers wọ NHL, líìgì họ́kì tó ga jù, ní 1979, Flames kó wá láti Atlanta ní 1980, ìlú méjèèjì ò ju nǹkan bíi kìlómítà 300 síra wọn lọ. Líìgì wá kó wọn sínú ìsọ̀rí kan náà tó jẹ́ pé ẹnu ara wọn ni wọ́n ti máa ń jà jáde kí wọ́n tó rí ọ̀nà lọ fáínà. Láti 1983 dé 1990, kò sí fáínà kankan tí ọ̀kan nínú wọn ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n pàdé ní playoff láàárín 1983 sí 1991, Calgary ò borí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, 1986. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Game 7, ìdíje keje tó máa pinnu ẹni tó borí, ní Edmonton, 2-2, abala tó kẹ́yìn. Steve Smith ti Oilers, ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọmọ ọdún 23, ó wà lẹ́yìn ilé tiwọn, ó fẹ́ páàsì puck, ìyẹn rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, gba iwájú ilé kọjá, ló bá lọ ba ẹsẹ̀ Grant Fuhr aṣọ́lé wọn láti ẹ̀yìn, ó bá yí wọlé. Smith ṣubú lulẹ̀ lórí yìnyín, ó ń sunkún. Calgary borí 3-2. Títí dòní wọ́n ń fi bú Edmonton, ó sì ń dùn mí, torí àṣìṣe ọmọdé ni. Lọ́dún kejì tí Oilers gbafe, Smith ni Gretzky, kápútẹ́nì wọn, kọ́kọ́ gbé e fún.

Lẹ́yìn 1991, ó di 2022 kí wọ́n tó tún pàdé. Flames fi 9-6 na Oilers nínú àkọ́kọ́, Oilers na wọn mẹ́rin léra wọn, McDavid ti Oilers ló parí ẹ̀ nínú àfikún àkókò, ní Calgary níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ 4-4, Blake Coleman ti Flames gbá kan wọlé, wọ́n wò ó lórí fídíò, wọ́n ní ẹsẹ̀ ló fi ta á, wọ́n fagi lé e. Edmonton ní ó ta á, Calgary ní ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn ń yọ̀ ni.