Bánkì ìjọba: ta ló wà fún?

Bí ẹ bá gba Dùgbẹ̀ kọjá, bánkì ni lápá ọ̀tún, bánkì ni lápá òsì. Àwọn oníbàárà sábà máa ń bi mí pé, pẹ̀lú gbogbo èyí, kí ni ìjọba tún fẹ́ fi bánkì tirẹ̀ ṣe? Iṣẹ́ ẹ̀yáwó ni iṣẹ́ mi, ìbéèrè yìí sì tọ́ sí ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbẹ̀ kan tó fẹ́ gbin kòkó tuntun lápá Ìdí-Ayùnrẹ́. Kòkó máa ń gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ó ń roko, ó ń ra oògùn kòkòrò, kò sì tíì rí èso kankan tà. Bánkì tó wà ní Dùgbẹ̀ ńkọ́? Owó ìyá tó ń taṣọ ní Gbági ló wà lọ́wọ́ wọn, àti owó oṣù tíṣà. Àwọn yẹn lè wá gba owó wọn lọ́la. Bí bánkì bá kó irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ igi ọlọ́dún márùn-ún, tí àwọn olówó sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà dé nìyẹn. Oníṣòwò tó máa dá owó padà láàárín oṣù mẹ́ta ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti yá.

Àfo yìí ni bánkì ìdàgbàsókè ti ìjọba wà láti dí. Ìjọba ló fún un lówó ìdásílẹ̀, ó sì lè yá èèyàn lówó tó máa pẹ́ kó tó padà. Bẹ́ẹ̀ ni Jámánì ṣe dá KfW, bánkì ìdàgbàsókè tiwọn, sílẹ̀ lọ́dún 1948, tí wọ́n fi owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà tún ilẹ̀ wọn kọ́ lẹ́yìn ogun; ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní.

Nílẹ̀ wa, Federal Mortgage Bank, bánkì ìjọba tó ń yáni lówó ilé, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún òṣìṣẹ́. Òfin 1992 ló dá owó àkójọ ilé (National Housing Fund) tí bánkì yìí ń bójú tó sílẹ̀: òṣìṣẹ́ ń dá 2.5% owó oṣù rẹ̀, tó bá sì ti dá a fún oṣù mẹ́fà, ó lè béèrè owó ilé ní èlé 6%, kó máa san án fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ fi wé 27% tí CBN fi ṣe òṣùwọ̀n èlé ní September 2025. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń dá owó yìí, wọn ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ "owó ìjọba ni." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ní in lọ́kàn láti san án. Bí olóṣèlú bá tún yan ẹni tí wọ́n máa yá lówó, bánkì náà ti kú sílẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí orúkọ àwọn onígbèsè ńláńlá wà níta gbangba.

Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké, Development Bank of Nigeria kì í yá yín lówó tààrà. Ọwọ́ àwọn bánkì mìíràn ni owó rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bi bánkì yín bóyá owó náà wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì mú ìwé ọjà tí ẹ rà àti èyí tí ẹ tà dání. Bí aṣojú kan bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, ẹ má san án.