Ìdí Tí Àwòrán Ojú Kì í Fi í Jọ Ẹni Tí A Ń Yà

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ya ojú ènìyàn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹyinjú. Yóò ya ẹyinjú kan, yóò fi ọmọlójú sí i, yóò to irun ìpéǹpéjú sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì wù ú wò. Lẹ́yìn náà ló máa ya èkejì, kó tó wá ibi tí imú máa gbà. Nígbà tó bá fi máa kan àgbọ̀n, àwòrán náà ti di ti ẹlòmíràn. Ẹyinjú dára, imú dára, ẹnu dára, àmọ́ kò jọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ nígbà náà ni pé ọwọ́ àwọn kò tíì yọ̀, tàbí pé ẹ̀bùn àbínibí ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ rárá. Ọwọ́ tó lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kó ṣeé kà lè fa gbogbo ìlà tó wà nínú àwòrán ojú. Àárín ohun tí ènìyàn ń wò àti ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń sọ fún un ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lásán ló ń gba ẹyinjú wọlé. Ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀, kí a tó ṣẹ́jú. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí ẹni tó bá ní láti máa wọn imú kó tó mọ ẹni tó ń bọ̀ kò ní lè gbé láàárín èrò. Ṣùgbọ́n odindi yẹn kò wúlò fún ẹni tó ń ya àwòrán. Àbọ̀ tó wọlé kó tó di odindi ló ń wá, ọpọlọ kì í sì í jẹ́ kó rí i bí kò bá dọ́gbọ́n sí i. “Ẹyinjú nìyí” ni ọpọlọ máa ń wí, ọwọ́ á sì sáré ya àmì ẹyinjú tó ti mọ̀ láti kékeré: ó ṣóńṣó níhìn-ín, ó ṣóńṣó lọ́hùn-ún, róbótó dúdú láàárín, funfun lọ́tùn-ún lósì. Àmì yẹn kì í ṣe ẹyinjú ẹnì kankan.

Ẹni tó fi èyí hàn jù lọ ni Chuck Close, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1940, tó sì kú ní 2021. Ó ní àìlera kan tí kì í jẹ́ kó lè dá ojú ènìyàn mọ̀, títí kan ojú ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Síbẹ̀, àwòrán ojú tó ga ju ènìyàn lọ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó máa ń fa ìlà sórí fọ́tò títí yóò fi pín sí igun mẹ́rin kéékèèké, á fa irú rẹ̀ sórí aṣọ ìyàwòrán ńlá, á wá máa gbé ohun tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan lọ síbẹ̀. Nínú igun kan ṣoṣo, kò sí imú, kò sí ètè. Àwọ̀ ló wà níbẹ̀, àti ibi tí àwọ̀ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tán, ẹni náà ló ń woni yẹn. Kò dára bí àwọn kan ṣe ń pe igun mẹ́rin fífà ní ìrẹ́jẹ. Ọ̀nà kan ni láti pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, kí ojú lè ríran.

Ti ìwọ̀n kò gba àlàyé púpọ̀. Láti àtàrí dé àgbọ̀n, ẹyinjú wà ní nǹkan bí ìdajì. Ọ̀pọ̀ máa ń gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò sí ohun kan níwájú orí tí ọpọlọ ń kà, ó sì máa ń gé e kúrú. Àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì fẹ̀ tó ẹyinjú kan. Etí bẹ̀rẹ̀ ní déédéé irun òkè ojú, ó sì parí sí déédéé ìsàlẹ̀ imú. Ìwọ̀n ti gbogbo ayé nìyẹn. Ibi tí ẹni tí a ń yà bá ti yàtọ̀ sí i, ibẹ̀ ni ìrísí tirẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni kí a ti fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ìpele tí ọ̀pọ̀ ń fò, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́: pípín ojú sí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Kí ẹni tó ń yà dijú ní àbọ̀, kó máa wò láàárín ìpéǹpéjú. Irun ìpéǹpéjú ẹni tí ó ń wò yóò pòórá, ìlà ara ètè yóò pòórá, yóò ku ìṣùpọ̀ òkùnkùn mélòó kan àti ibi tó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ẹni náà ṣì jọ ara rẹ̀. Ní 1973, Leon Harmon, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, tẹ àwòrán Abraham Lincoln jáde, èyí tí kọ̀ǹpútà ti sọ di ìwọ̀nba igun mẹ́rin ńláńlá, àwọ̀ eérú kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sún mọ́ ọn, a ò ní mọ ohun tó jẹ́. Bí a bá sún sẹ́yìn tàbí tí a dijú díẹ̀, Lincoln ni, kò sí àríyànjiyàn. Kò sí irun ìpéǹpéjú kan ṣoṣo nínú àwòrán náà. Bí òkùnkùn ṣe pín ojú ẹni ló ń mú àwòrán jọni.

Ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í sì í rí ni pé àwọn òjìji máa ń so mọ́ra. Bí iná bá ń bọ̀ láti òkè lápá òsì, òjìji abẹ́ irun òkè ojú á ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ imú, á bá èyí tó wà lábẹ́ imú pàdé, ó lè dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pàápàá. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ọpọlọ ló ń gé e sí wẹ́wẹ́ nítorí pé ó ti fún ibi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Kí a fi pẹ́ńsù HB fa ẹnu ààlà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí a fi 2B, tó rọ̀ tó sì dúdú jù ú lọ, kun inú rẹ̀ kó dọ́gba, láìfi ìka pa á. Bí kò bá jọ ní ìpele yìí, kò sí irun tí a máa to sí i tó máa mú un jọ.

Funfun ojú ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Bọ́ọ̀lù ni ẹyinjú, inú kòtò ló wà, ìpéǹpéjú òkè sì ń ṣíji bò ó. Nítorí náà funfun yẹn sábà máa ń ṣókùnkùn ju ibi tó ń dán níwájú orí lọ. Ọpọlọ kò ní gbà. Ní 1995, Edward Adelson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa bí ojú ṣe ń ríran, ṣe àwòrán pátákó alápótí dúdú àti funfun tí òjìji nǹkan kan ṣubú lé. Àpótí “dúdú” kan tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ àti àpótí “funfun” kan tó wà nínú òjìji, àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá kò lè rí i bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí funfun ojú. Kí a dá ihò kékeré lu bébà kan, kí a gba inú rẹ̀ wo ibẹ̀ nìkan. Àwọ̀ eérú á fara hàn. Ibi tó yẹ kí bébà wà láìfọwọ́kàn kò ju ojúàmì kékeré tó ń tàn lórí ọmọlójú lọ.

Ètè náà kò ní ìlà yíká. Ètè òkè dojú kọ ilẹ̀, ó sì ṣókùnkùn; ti ìsàlẹ̀ dojú kọ òkè, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀. Ibi tó dúdú jù ni àárín wọn àti igun ẹnu. Bákan náà, ẹni tó ń ya aláwọ̀ dúdú tó sì ń tẹ 6B, pẹ́ńsù tó dúdú gan-an, mọ́ gbogbo ojú ń pa iṣẹ́ ara rẹ̀ lára. Awọ dúdú máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé iwájú orí, igi imú àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì máa ń yọ kedere láàárín òkùnkùn. Àwọn ibi dídán yẹn ló ń fi bí egungun ṣe rí hàn. Kí a kọ́kọ́ fi ààyè wọn sílẹ̀. Èédú dára fún ibi tó dúdú jù, torí pẹ́ńsù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù máa ń dán, kì í sì í dúdú tó.

Fọ́tò tí wọ́n fi iná kámẹ́rà yà láti iwájú kò dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ó ti pa gbogbo òjìji rẹ́. Ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rọrùn láti yà ju ìyẹn lọ.

Bí iṣẹ́ bá ti lọ jìnnà, kí a gbé e síwájú dígí. Àṣìṣe inú rẹ̀ ti mọ́ ọpọlọ lára, àmọ́ bí òsì bá di ọ̀tún, ọpọlọ á tún un wò bí ohun tuntun. Bí ẹyinjú kan bá ga ju èkejì lọ nínú dígí, kí a pa á rẹ́, bó ti wù kó dára tó.