Híńjì tó mu ọ̀dà

Ẹni bá wọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn l'Ádó-Èkìtì nígbà tí ọdún ku fẹ́ẹ́fẹ́, kó má tíì yin ògiri. Kó kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, híńjì ti funfun kanlẹ̀ bí igi tó gbé e dání, ẹnu síkúrù ti dí, ọ̀dà sì ti ṣàn gba orí ọwọ́ ilẹ̀kùn dé ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Tí wọ́n bá bi akunlé, ó ní, "Kò séwu, ẹ ṣáà máa ṣí i kẹ́ ẹ máa pa á dé, yóò já fúnra rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń ba ilẹ̀kùn jẹ́.

Ewé irin méjì ló di híńjì, ọ̀kan lára férémù, ọ̀kan lára ilẹ̀kùn. Etí wọn ká bí ìka ọwọ́ méjì tó wọnú ara wọn, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba àárín àwọn ìka náà kọjá. Ohun tó ń jẹ́ kó yí ni àlàfo tó wà láàárín ìka kan sí èkejì, àlàfo tí bébà lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ̀. Irú ibi tó fún báyìí ni ọ̀dà gílọ́ọ̀sì fẹ́ràn jù. Kò dúró de ẹni tó máa tì í wọlé: bí kárásínì ṣe ń gun òwú àtùpà lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà tútù ń fà wọ inú àlàfo. Tó bá gbẹ síbẹ̀, ó di gọ́ọ̀mù.

Òótọ́ ni pé ó ń já tí wọ́n bá fi agbára ṣí ilẹ̀kùn. Àmọ́ kì í já geere. Ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ ni, èérún rẹ̀ a kó sáàárín ìka híńjì, ilẹ̀kùn a wá máa dún kíìn-kíìn lóru bí ẹni tó ń tú àṣírí ẹni tó pẹ́ wọlé. Èyí tó bá kọ̀ tí kò já, gbogbo agbára tí wọ́n fi ń fa ilẹ̀kùn á lọ sórí síkúrù, síkúrù á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò nínú igi. Wọ́n á wá pe káfíńtà, káfíńtà ò ní rí ojú síkúrù tí yóò tú.

Téèpù ni ọ̀pọ̀ gbójú lé. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ láfún ń ṣe fún aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni téèpù ń ṣe fún akunlé: ibi tí ẹ̀kọ bá wà lára aṣọ, aró kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ṣùgbọ́n aládìrẹ mọ ohun kan tí akunlé kì í fẹ́ gbà, pé ẹ̀kọ tó bá sán, aró á gba ojú sísán náà wọlé. Lára aṣọ, ìlà wẹ́wẹ́ yẹn dùn ún wò. Lára híńjì, àbùkù ni. Ojú híńjì ò sì tẹ́ bí aṣọ. Ìka rẹ̀ rí roboto, téèpù kì í lè lẹ̀ mọ́ ọn yíká, ibi tó bá ti gbé sókè ni ọ̀dà ń gbà. Lára ewé tó tẹ́ nìkan ló wúlò, èékánná ni kí wọ́n sì fi tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi bíléèdì gé èyí tó bá yọ.

Ibì kan wà tí aládìrẹ kò lè ṣe olùkọ́. Òun á jẹ́ kí aṣọ gbẹ kó tó há ẹ̀kọ kúrò. Téèpù kò gbọdọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀: ìgbà tí ọ̀dà ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i, jẹ́jẹ́, kí wọ́n ká a padà sórí ara rẹ̀. Tó bá gbẹ tán, á bó ọ̀dà ara igi dání.

Fún ìka híńjì, Faselíìnì ló dáa jù. Òwú ìnutí ni kí wọ́n fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀dà á débẹ̀, kò ní lè dì mọ́ ọn, àkísà á sì nù ún kúrò. Tí Faselíìnì bá ta sí igi ńkọ́? Ọ̀dà ò ní mú ibẹ̀ náà, àfi kí wọ́n fi tínà, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, nù ún kí wọ́n tó kùn ún.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn kò yẹ kó fa àríyànjiyàn. Síkúrù mélòó kan ni, kí wọ́n tú u sílẹ̀ jàre.

Ẹni tó bá fẹ́ tú odindi ilẹ̀kùn, híńjì ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ tú, tòkè ló kẹ́yìn. Tó bá ń dá a padà, tòkè ló ṣáájú. Kí híńjì kọ̀ọ̀kan padà síbi tó ti wá, kí ọ̀dà má sì kan ojú ibi pẹlẹbẹ tí káfíńtà gbẹ́ fún ewé rẹ̀. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kì í ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Ọ̀dà tó bá gbẹ sábẹ́ híńjì á ti ilẹ̀kùn sún mọ́ férémù ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Tí òjò Èkìtì bá wá dé, tí igi wú, ilẹ̀kùn á há. Tí ọyẹ́ bá dé, á tún tú sílẹ̀, wọ́n á ní igi ni kò dáa.

Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ayé àtijọ́ kò ní wàhálà yìí. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní London ní 1924, tó sì wà ní British Museum dòní, ọ̀dà wà lára àwọn ère rẹ̀. Àmọ́ orí àti ẹsẹ̀ igi ẹ̀gbẹ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ló ń yí nínú ihò. Kò sí híńjì tí yóò mu ọ̀dà.

Híńjì òde òní tó ti mu ọ̀dà, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sè é lórí iná tí kò le, nínú omi ọṣẹ, fún wákàtí díẹ̀. Ọ̀dà á rọ̀, á bó bí èèpo. Kí wọ́n nù ún gbẹ kíá kó má baà dógùn-ún, kí wọ́n kán epo ẹ̀rọ sí i. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ìkòkò yẹn kò gbọdọ̀ padà sídìí ọbẹ̀ mọ́.