Orin Àkọ́kọ́ Kò Dùn, Àwo sì Dára: Kí Ló Ṣẹlẹ̀?

Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni àkójọ kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Àkúrẹ́. Ohun tó sọ kò pọ̀: àwọn àwo rọ́ọ̀kì tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, orin tó rẹlẹ̀ jù ní dídùn nínú wọn ni wọ́n fi síwájú. Orúkọ Bob Dylan, Pink Floyd, Jimi Hendrix àti Oasis wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ń jiyàn lé e lórí. Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà sídìí àwo jùjú ń bi ara wọn pé ìyálọ́jà wo ní Ọjà Ọba ló ń to tòmátì tó ti bàjẹ́ sókè apẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn rèé.

Ṣé òótọ́ ni?

Ní ti àwo díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwo Nevermind tí ẹgbẹ́ Nirvana ṣe ní 1991, orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ jù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó kọ àkójọ náà kò sì rántí dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àkójọ nìyẹn.

Èwo ni ẹ̀sùn náà bá mu jù?

Blonde on Blonde, àwo alápá méjì tí Bob Dylan gbé jáde ní 1966. Orin àkọ́kọ́ rẹ̀, "Rainy Day Women #12 & 35", dà bí ìgbà tí àwọn ọ̀mùtí gba fèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ afunfèrè ojú òde: ẹ̀rín, ariwo, ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ. Orin kẹta nínú àwo kan náà ju ìṣẹ́jú 7 lọ, ó jinlẹ̀ bí kànga. Orin ìkẹyìn ju ìṣẹ́jú 11 lọ, òun nìkan ló gba odindi ojú kẹrin (àwo oníke kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì). Ẹni tó bá fi àkọ́kọ́ wé àwọn yìí yóò ní wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé orin ọ̀mùtí yẹn dé ipò kejì lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Òun ni èèyàn ti gbọ́ lórí rédíò kó tó ra àwo. Ó rẹlẹ̀ lóòótọ́, òun náà ló sì pe oníbàárà wọlé.

Ti Pink Floyd ńkọ́? Kò tiẹ̀ sí orin níbẹ̀.

Kò sí lóòótọ́. Nínú The Dark Side of the Moon (1973), ohun tí wọ́n pè ní "Speak to Me" kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ìlù ọkàn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni aago, ẹ̀rọ ìgbowó, ẹ̀rín àti igbe. Gbogbo ohùn wọ̀nyẹn ló tún máa jáde nínú àwọn orin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìlù ọkàn náà ló sì pa àwo dé.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Yorùbá. Ìbà ni. Oníjàlá kì í dédé bọ́ sójú agbo kó máa kọrin ẹkùn. Yóò kọ́kọ́ júbà. Ẹgbẹ́ jùjú lóde àríyá náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló máa ń fi gìtá àti ìlù gbá ilẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ọ̀gá tó dé ìdí gbohùngbohùn. Kò sẹ́ni tó ń délé sọ pé ìbà ló rẹlẹ̀ jù nínú eré àná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ nọ́ńbà sí i lára, tí ẹ sì ní kí èèyàn máa fún un ní máàkì bí orin tòótọ́, òun ló máa gbẹ́yìn kíláàsì.

Jimi Hendrix pẹ̀lú?

Ìbà kan náà ni, àmọ́ tirẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Electric Ladyland (1968) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ohùn téèpù tí wọ́n yí sẹ́yìn, tí wọ́n sì fà lọ. Hendrix fúnra rẹ̀ sọ pé òun mọ̀ pé ohùn téèpù yìí ni àwọn èèyàn máa bú jù, nítorí náà lòun ṣe fi í síwájú kí wọ́n lè bú u tán. Orin tí wọ́n torí rẹ̀ ra àwo náà, "All Along the Watchtower", ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni nínú mẹ́rìndínlógún.

Oasis?

Ẹ̀bi wọn ni. Orin àkọ́kọ́ nínú (What's the Story) Morning Glory? (1995) kàn ń kí èèyàn káàbọ̀ ni. Ẹ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an: gìtá "Wonderwall", tó jẹ́ orin kẹta, ni wọ́n kọ́kọ́ ta díẹ̀ kí wọ́n tó já a.

Ta ló ń pinnu èyí tó máa ṣíwájú?

Kì í ṣe olórin ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ sì ni àkójọ náà ti kọsẹ̀ jù. Rubber Soul tí àwọn Beatles ṣe ní 1965: ní ìlú Ọba, "Drive My Car" ni orin àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ yọ ìyẹn kúrò, wọ́n fi "I've Just Seen a Face" rọ́pò. Are You Experienced ti Hendrix (1967) náà rí bẹ́ẹ̀: "Foxy Lady" ló ṣíwájú ní ìlú Ọba, "Purple Haze" ló ṣíwájú ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Ọba láyé ìgbà yẹn, orin tí wọ́n bá ti tà lọ́tọ̀ kì í sábà wọ inú àwo mọ́, kí oníbàárà má baà ra nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni méjì lè máa jiyàn lórí orin àkọ́kọ́ àwo kan, kí àwọn méjèèjì sì jàre.

Ti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì U2 ló dùn mọ́ wa jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ to The Joshua Tree (1987), Kirsty MacColl, olórin tó jẹ́ ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí àwo náà, ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n sọ èyí tó máa ṣíwájú àti èyí tó máa kẹ́yìn fún un. Ìyókù, bó ṣe fẹ́ràn wọn sí ló ṣe tò wọ́n. Àwo náà sì tà.

Wọ́n ní àwo oníke ló fà á. Báwo?

Ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ torí wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ sódì.

Àwo ńlá fẹ̀ tó íńṣì 12, ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ló sì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, yálà abẹ́rẹ́ wà ní etí ni o, tàbí ó ti sún mọ́ bébà àárín. Ṣùgbọ́n ìyípo etí gùn ju ti àárín lọ. Ní etí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítòsí bébà, kò ju bíi 21 lọ. Ohùn kan náà ni wọ́n ń kì sínú àyè tí kò tó ìdajì. Àwọn ohùn tíńrín, bíi ti irin tí onílù ń gbá àti «s» ẹnu akọrin, á wá há mọ́ra, abẹ́rẹ́ kò ní rí wọn tọ̀ dáadáa, ẹ ó sì máa gbọ́ ṣàà-ṣàà.

Ohùn ńlá àti báàsì tún ń jẹ àyè, torí ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ sí i. Bí ojú kan bá ti kọjá bí ìṣẹ́jú 22, ẹni tó ń gbẹ́ àwo ní láti dín ohùn kù.

Ìdí nìyí tí orin tó pariwo fi ń lọ sí etí, tí èyí tó rọ̀ sì ń lọ sí àárín. Wọ́n wo ariwo rẹ̀ kí wọ́n tó wo dídùn rẹ̀. Àwo oníke sì ní ìbẹ̀rẹ̀ méjì: nínú Born to Run ti Bruce Springsteen (1975), orin tó jẹ́ orúkọ àwo ló ṣí ojú kejì. Lórí fóònù, orin karùn-ún lásán ló dà.

Kí ló dé tí àwo jùjú kò ní ìṣòro yìí?

Torí ojú kan lè jẹ́ orin kan tí kò dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibo ni ẹ ti fẹ́ rí èyí tó rẹlẹ̀? Nígbà tí King Sunny Adé, ọmọ ọba Oǹdó, ṣe Juju Music fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982, orin méje tó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe fún àwọn ará òkè òkun. "Ja Funmi" ló fi síwájú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pe ìyẹn ní aláìlágbára níbí.

Orin àkọ́kọ́ lórí fóònù mi kì í ṣe èyí tí ẹ dárúkọ.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó bá yín kó orin sórí mẹ́mọ́rì ló da ètò rẹ̀ rú. Bí nọ́ńbà bá ti bọ́ lára fáìlì, fóònù á tò wọ́n ní á-bí-dí, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A á wá di orin àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sì kọ nọ́ńbà láìfi òdo síwájú, ẹ̀rọ mìíràn á gbé 10 ṣáájú 2. Ẹ kọ ọ́ ní 01, 02, 03.

Rédíò ọkọ̀ burú ju fóònù lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò wo orúkọ rárá. Bí fáìlì ṣe wọ inú fúláàṣì tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú fúláàṣì náà rẹ́, kí ẹ wá kó orin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí 01. Ó ń gba àkókò, àmọ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ti Pink Floyd, ẹ wá "gapless" nínú ètò ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ orin, kí ẹ tàn án. Láìṣe bẹ́ẹ̀, igbe tó yẹ kó gbé èèyàn wọ inú orin kejì á gé, ẹ ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, ẹ ó sì rò pé àwo ló burú.

Shuffle, bọ́tìnnì tó ń da ètò orin rú, ńkọ́?

Ẹ pa á. Adele olórin bẹ Spotify, ilé iṣẹ́ tí èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2021 pé kí wọ́n má jẹ́ kí shuffle jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń tẹ̀ lórí àwo, wọ́n sì gbọ́ sí i lẹ́nu.

Mo ń ṣe àwo tèmi ní Àkúrẹ́. Ṣé kí n fi ìbà síwájú?

Ẹ ṣọ́ra. Pink Floyd ń bá ẹni tó ti ra àwo, tó sì ti jókòó, sọ̀rọ̀. Lónìí, Spotify kì í ka orin mọ́ ohun tí èèyàn gbọ́ àyàfi tó bá pé ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí ẹ bá fi àdúrà, ìlù ọkàn àti oríkì bàbá yín àgbà kún ìṣẹ́jú kan, ọ̀pọ̀ á ti fò ó kí ohùn yín tó jáde. Bí ìbà bá pọn dandan, ẹ jẹ́ kó wà nínú fáìlì orin àkọ́kọ́ gan-an, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ, kó sì wà lórí ohùn kan náà tí gìtá máa gbà wọlé. Ẹ gbé orin tó dára jù sí ipò kejì tàbí ìkẹta. Èyí tí kò dá yín lójú, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kò sẹ́ni tó fi dandan lé orin mẹ́rìnlá.

Ṣé kí n máa fo orin àkọ́kọ́ nínú àwọn àwo tí àkójọ náà dárúkọ?

Ti Oasis, ẹ lè fò ó. Ti Dylan, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó pinnu. Ti Hendrix àti Pink Floyd, ẹ má dán an wò, pàápàá bí ẹ bá ń fi gbohùn-etí gbọ́ ọ lóru. Àmọ́ ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìlù ọkàn yẹn máa ń rọra bẹ̀rẹ̀, igbe tó tẹ̀lé e kì í rọra.