Bí ewì àtìpó ṣe pàdé ìmọ̀ ẹfolúṣọ̀n

Kí ìwé Charles Darwin lórí orísun àwọn ohun abẹ̀mí tó jáde ní 1859, bàbá rẹ̀ àgbà, Erasmus Darwin, ti fi ewì gígùn sọ bí ìran ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. 1803 ni wọ́n tẹ ewì náà, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ewì àti ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn irú ìyípadà láti ìran dé ìran bẹ́ẹ̀, ti mọra tipẹ́. Orísun kìíní nìyẹn fún akéwì tó fẹ́ fi ẹfolúṣọ̀n kọ ewì àtìpó.

Orísun kejì, ìyẹn oríkì, ló jẹ wá lógún jù ní Ìbàdàn. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí Òwu tú, ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú fi ibí ṣe bùdó. Àtìpó ni wọ́n. Ẹrù tí ogun kò lè gbà lọ́wọ́ wọn ni oríkì orílẹ̀. Ọmọ Ìkòyí tí wọ́n bí síbí, tí kò mọ ọ̀nà Ìkòyí rárá, ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn ni wọ́n ṣì ń kì í. Oríkì ìlú gan-an tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: “Ìbàdàn, ọmọ ajòrosùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu.” Ìtàn ní nígbà tí ìlú tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó tú, èso òro àti ìgbín ni àwọn tó sá gorí òkè fi gbé ẹ̀mí ró, ìkarahun ni wọ́n fi mu ẹ̀kọ. Ìyà ọdún náà ni ọmọ wọn ń fi yangàn. Bí ayé ṣe ń fi àmì sára ìran, oríkì ti mọ̀ ọ́n sọ tipẹ́.

Akéwì tó bá fẹ́ so orísun méjèèjì pọ̀, kó mú òtítọ́ kan ṣoṣo nínú ìmọ̀ ẹ̀dá, kó wà á délẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ AS, ti ẹni tó gba A lọ́wọ́ òbí kan, tó gba S lọ́wọ́ èkejì, ló dáa jù lójú wa. Ní 1954, onímọ̀ ìṣègùn Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í sábà ṣe ọmọ AS léṣe bíi ti ọmọ AA. Ìdí nìyí tí AS fi pọ̀ láàárín wa, bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni AS tó bá kó lọ sí Glasgow, ní Scotland, gbé jíìnì yìí, ìyẹn àmì ìran tí òbí fi ń sílẹ̀ fún ọmọ, dání, àmọ́ ẹ̀fọn tó sọ ọ́ di ààbò kò bá a lọ.

Ibi tí ewì ti sábà ń bàjẹ́ ni kí akéwì sọ pé òun “ti yí padà” torí òun ti mọ òtútù fara dà, ohùn òun sì ti yàtọ̀. Ara tó mọ́ ibi tuntun lára nìyẹn, kì í ṣe ẹfolúṣọ̀n. Jíìnì ẹnì kan kì í yí padà torí pé ó ṣí lọ. Láti ìran dé ìran ni, nípa ẹni tó yè tó sì bímọ. Baba ńlá wa kan kò yan AS. Ó ṣèèṣì yọ ni, ibà ló sì jẹ́ kó dúró sínú ìran wa.

Àṣìṣe tó burú jù ni “alágbára ló ń yè”. Ohun tí Herbert Spencer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1864 ni “ẹni tó bá ibi mu jù ló ń yè”, ṣùgbọ́n àwọn tó ń to ẹ̀yà ènìyàn lé ara wọn lórí fi í ṣe ohun ìjà. Ohun tó bá ibi mu ló ń yè, agbára kọ́: AS tó ń gba ọmọ là ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, kò ní iṣẹ́ kankan ní Glasgow.